Àmúwá Ọlọ́hun Kò Pa Gbèsè Rẹ́: Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí A Ṣe Ní Jàǹbá

Àkọsílẹ̀ wàásù ọjọ́ Jímọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Allah, Ọba tí ó dá sánmà àti ilẹ̀ pẹ̀lú òdodo, tí ó sì gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ kí àwọn ẹrú Rẹ̀ má baà tayọ ààlà. A ń tọrọ ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ fún Ànábì wa Muhammad, fún àwọn ará ilé rẹ̀, fún àwọn Sàhábà rẹ̀, àti fún gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi lọ́kùnrin àti lóbìnrin, mo sọ fún ara mi ná kí n tó sọ fún yín, pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun kò mọ sórí ìrun àti ààwẹ̀ nìkan. Ó wà nínú bí a ṣe ń wa ọkọ̀, bí a ṣe ń kọ́lé, bí a ṣe ń da ẹran, bí a ṣe ń ta oògùn, àti bí a ṣe ń dáná sun oko. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí ni ọwọ́ wa ti lè kan ẹlòmíràn, tí yóò sì dùn ún. Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: nígbà tí ọwọ́ mi bá ṣe ẹlòmíràn lọ́ṣẹ́, tí n kò sì mọ̀ọ́mọ̀, kí ni mo jẹ ẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ níbi jàǹbá

Gbogbo wa ni a mọ ọ̀nà tí ó ti Ọ̀wọ̀ wọ Ọ̀kà, tí ó gba Àkùngbá dé Ìkàrẹ́. A mọ àwọn òkè rẹ̀, a mọ kọ́nà rẹ̀, a mọ bí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ṣe ń gba àárín ìlú wa kọjá, níbi tí àwọn obìnrin ti ń tajà lẹ́bàá títì, tí àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń rìn lọ rìn bọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan sọ ìjánu nù ní Àkùngbá, ó ya wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ó wà nítòsí Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tí ó kú níbẹ̀. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní Àkókó, kò sì sí ìdílé kan láàrin wa tí kò ní ìtàn tirẹ̀ láti sọ.

Lẹ́yìn irú jàǹbá bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kan ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa: «Àmúwá Ọlọ́hun ni.» Òdodo ni gbólóhùn náà. Kò sí ewé kan tí ó já bọ́ tí Ọlọ́hun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tí ó ń sọ ọ́ àti ìdí tí ó fi ń sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ opó ni ó sọ ọ́, sùúrù ni, ẹ̀san rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ó rán àwọn àgbààgbà wá láti bá a sọ ọ́ fún opó, kí obìnrin náà lè dákẹ́, nígbà náà ó ti sọ kádàrá Ọlọ́hun di aṣọ tí ó fi ń bo gbèsè. Ohun tí a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí nìyẹn.

Ẹ̀ṣẹ̀ yàtọ̀, gbèsè yàtọ̀

Hádíìsì kan wà tí Ibn Mājah gbà wá, pé Ọlọ́hun ti ṣe àmójúkúrò fún ìjọ yìí lórí àṣìṣe, ìgbàgbé àti ohun tí a fi ipá mú wọn ṣe. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n sì rò pé ẹni tí ó bá ṣèèṣì ti bọ́ lọ́wọ́ ohun gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà láàrin ẹrú àti Olúwa rẹ̀ ni a gbé kúrò. Ẹ̀tọ́ ẹrú lórí ẹrú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì dúró.

Ẹ wo ohun tí Al-Kùránì fi rinlẹ̀ nínú Súrátu-n-Nisā’i, áyà 92. Níbẹ̀, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ nípa onígbàgbọ́ òdodo tí ó ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ òdodo. Kò sọ pé ṣèèṣì ni, kí ó máa lọ. Ohun méjì ni Ó là sílẹ̀ fún un. Èkínní jẹ́ ti Ọlọ́hun: kí ó tú ẹrú onígbàgbọ́ kan sílẹ̀, bí kò bá sì rí i, kí ó gba ààwẹ̀ oṣù méjì léraléra. Èkejì jẹ́ ti ènìyàn: kí owó ẹ̀mí dé ọwọ́ àwọn ará ilé olóògbé, àfi bí àwọn fúnra wọn bá fi ta ọrẹ. Ẹ ronú sí i. Ààwẹ̀ ọgọ́ta ọjọ́ kò lè rọ́pò owó ẹ̀mí, bẹ́ẹ̀ ni owó ẹ̀mí kò rọ́pò ààwẹ̀. Àkáǹtì méjì ni. Ẹni tí ó san ọ̀kan kò tíì san èkejì.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fíkíhì fi sọ pé dúkìá tí ọmọdé tàbí wèrè bá bàjẹ́, inú dúkìá ọmọ tàbí wèrè náà ni a ó ti san án. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ọmọ tí kò tíì bàlágà, ṣùgbọ́n ìkòkò onílé ti fọ́, onílé kò sì gbọdọ̀ gbé àdánù náà ní òun nìkan. Orúkọ tí wọ́n fún ìlànà yìí ni ḍamān, ìyẹn ni pé kí ènìyàn dúró fún ohun tí ó bàjẹ́ títí tí yóò fi tún un ṣe.

Ànábì fi èyí hàn nínú ilé ara rẹ̀. Bukhārī gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Anas pé Ànábì wà lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ nígbà tí ìyàwó mìíràn fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i nínú àwo. Owú mú ìyàwó ilé, ó gbá ọwọ́ ìránṣẹ́, àwo sì fọ́. Ànábì fúnra rẹ̀ ni ó ṣa àfọ́kù àwo àti oúnjẹ náà jọ. Kò pariwo mọ́ ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìránṣẹ́ náà lọ títí wọ́n fi mú àwo tí ó pé wá láti ilé ẹni tí ó fọ́ ti ẹlòmíràn. Àwo tí ó pé ni ó fi ránṣẹ́ padà, ó sì fi èyí tí ó fọ́ sílẹ̀ níbi tí ó ti fọ́. Nínú ìtàn kúkúrú yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ wa wà: inú tútù sí ẹni tí ó ṣe é, àti ẹ̀tọ́ tí ó pé fún ẹni tí a ṣe é sí. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Hádíìsì kejìlélọ́gbọ̀n nínú ogójì hádíìsì tí Imām an-Nawawī kó jọ ni ó di òpómúléró ọ̀rọ̀ yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò tọ́ kí ènìyàn ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá, kò sì tọ́ kí a fi jàǹbá san jàǹbá. Apá kejì ṣe pàtàkì fún àwọn ọ̀dọ́ wa. Ẹni tí ó bá dáná sun tírélà nítorí pé tírélà pa ènìyàn ti fi jàǹbá kún jàǹbá, ó sì ti jẹ gbèsè tirẹ̀.

Ohun tí òfin ìlú wí

Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìjọba kò dá ilé ẹjọ́ Sharia sílẹ̀. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́, òfin ìlú ni a ó fi yanjú rẹ̀. Ó yẹ kí Mùsùlùmí mọ̀ ọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà níbẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí a ti sọ.

Òfin ìlú pín ọ̀ràn sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kan ni ti ọ̀daràn: ìjọba ni ó ń pe ẹjọ́ náà, ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn ni ó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀, àpò ìjọba sì ni owó ìtanràn ń lọ. Ọ̀nà kejì ni ti ẹni tí a ṣe lọ́ṣẹ́: òun fúnra rẹ̀ ni ó ń pe ẹjọ́, owó gbà-má-bínú ni ó sì ń bèèrè. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo lè bí ẹjọ́ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Àkókó ni kò mọ èyí. Nígbà tí ọlọ́pàá bá ti mú awakọ̀, wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀wọ̀n awakọ̀ kì í san owó ilé ìwé ọmọ òrukàn.

Kí ẹni tí a ṣe lọ́ṣẹ́ nípa àìkíyèsára tó lè gba owó gbà-má-bínú, ó gbọ́dọ̀ fi ohun mẹ́rin múlẹ̀.

Àkọ́kọ́, pé ẹni tí ó pè lẹ́jọ́ ní ojúṣe láti ṣọ́ra fún un. Ìlànà yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ kan láti orílẹ̀-èdè Scotland. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1928, obìnrin kan ní ìlú Paisley mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rà fún un. Wọ́n ní òkú ìgbín jáde láti inú ìgò náà, àìsàn sì kọlu obìnrin náà. Òun kọ́ ni ó ra ìgò náà, kò sì bá ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é dá májẹ̀mú kankan. Síbẹ̀, ní ọdún 1932, àwọn adájọ́ àgbà ní Ìlú Lọ́ńdọ̀nù pinnu pé ẹni tí ó bá ṣe ohun mímu fún ará ìlú ní ojúṣe sí ẹni tí yóò mu ún, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Lord Atkin ṣàlàyé pé aládùúgbò wa ni ẹnikẹ́ni tí ó yẹ kí a ti rò pé ìṣe wa lè kàn. Nàìjíríà jogún ìlànà yìí, àwọn ilé ẹjọ́ wa sì ń lò ó títí di òní. Mùsùlùmí tí ó mọ ẹ̀tọ́ aládùúgbò nínú Ìsìláàmù kò ní rí èyí bí ohun àjèjì.

Èkejì, pé ẹni náà kò ṣọ́ra tó bí ó ti yẹ. Òṣùwọ̀n ibẹ̀ kì í ṣe bí òun fúnra rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n ṣe tó. Ìbéèrè náà ni pé, kí ni ọlọ́gbọ́n ènìyàn tí ó wà ní ipò rẹ̀ ìbá ṣe? Awakọ̀ tí ó mọ̀ pé ìjánu ọkọ̀ òun kò dára, tí ó sì gbé e sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Ọ̀kà, kò lè sọ pé òun gbìyànjú.

Ẹ̀kẹta, pé àìkíyèsára yẹn ni ó fa jàǹbá náà. Ẹ̀kẹrin, pé àdánù wà ní tòótọ́: ara tí ó fi pa, ẹ̀mí tí ó bọ́, tàbí dúkìá tí ó bàjẹ́.

Nínú ẹjọ́ kan tí ó dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ wa ní ọdún 1985, obìnrin kan ra fìríìjì tí ń lo kẹrosíìnì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan. Ó yọ ọ́ lẹ́nu, ó fi tó wọn létí, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ní kí ó máa lò ó. Nígbà tí ó ṣe, fìríìjì náà bú gbàmù, iná sì jó o. Ilé ẹjọ́ dá a láre. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2002, ilé ẹjọ́ kan náà dá ẹjọ́ ẹni tí wọ́n jí mọ́tò rẹ̀ gbé ní ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì kan. Òun pàdánù ẹjọ́ náà, nítorí kò fi múlẹ̀ pé hòtẹ́ẹ̀lì náà gba ìtọ́jú mọ́tò rẹ̀ sí ọwọ́. Ẹ̀kọ́ méjì ni: ẹni kékeré lè gba ẹ̀tọ́ lára ẹni ńlá, kì í sì í ṣe gbogbo àdánù ni ó ní ẹlẹ́bi.

Awakọ̀, ẹni tí ó ni ọkọ̀, àti adójútòfò

Ẹni tí ó ni ọkọ̀ máa ń sọ pé, «Èmi kọ́ ni mo wà á.» Òfin kò gba èyí. Bí ìránṣẹ́ bá ṣe jàǹbá lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà yóò dáhùn pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀gá ni ó ń jẹ èrè ọkọ̀ náà. Òun ni ó yàn án sípò. Òun ni ó yẹ kí ó tún ìjánu ṣe. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí awakọ̀ rẹ̀ lọ dé lálẹ́ yìí dandan, tí ó sì mọ̀ pé kò sùn láti àná, kí ó mọ̀ pé òun náà wà nínú ọkọ̀ yẹn.

Ìsìláàmù ti mọ bí a ṣe ń pín irú ẹrù wúwo bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Bukhārī àti Muslim gbà á wá pé obìnrin méjì láti ìdílé Hudhayl jà; ọ̀kan sọ òkò lu èkejì tí ó lóyún, ó sì kú. Ànábì pa á láṣẹ pé àwọn ìbátan ẹni tí ó sọ òkò ni yóò jùmọ̀ san owó ẹ̀mí. Àwọn wọ̀nyí ni a ń pè ní ‘āqila. Ìdí rẹ̀ ni pé owó ẹ̀mí tí ó tó ọgọ́rùn-ún ràkúnmí lè pa ẹnì kan run, tí ìdílé olóògbé kò sì ní rí nǹkan kan gbà. Bí òfin ìlú bá wá sọ pé gbogbo ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé adójútòfò, èyí tí a mọ̀ sí inṣọ́ránsì, ète kan náà ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, bí àwọn onímọ̀ tilẹ̀ ń jiyàn lórí irú èyí tí ó bá Sharia mu jù. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó ìwé yìí fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni di ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà lọ́dún, àwọn ọlọ́pàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè rẹ̀ kíkankíkan ní oṣù kejì ọdún 2025. Ẹni tí ó ra ayédèrú ìwé lẹ́bàá ọ́fíìsì kò tan ọlọ́pàá nìkan jẹ. Ó ti tan ọmọ òrukàn tí kò tíì mọ̀ jẹ.

Oko, ẹran àti iná

Nínú Súrátu-l-Anbiyā’i, áyà 78 àti 79, Ọlọ́hun sọ ìtàn ẹjọ́ tí àwọn Ànábì Dāwūd àti Sulaymān dá lórí oko tí àgùntàn àwọn kan wọ̀ lóru. Àwọn onímọ̀ tafsīr ṣàlàyé pé Dāwūd ní kí olóko gba àwọn àgùntàn náà, nítorí iye wọn tó iye ohun tí ó bàjẹ́. Sulaymān rí ọ̀nà mìíràn: kí olóko gba àgùntàn, kí ó máa jẹ wàrà àti irun wọn, kí ẹlẹ́ran lọ tún oko náà ṣe títí yóò fi padà sí bí ó ti wà, lẹ́yìn náà kí olúkúlùkù gba ti ara rẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n yìí. Oko padà, ẹran padà, kò sí ẹni tí ó di aláìní.

Ànábì wa náà dá irú ẹjọ́ yìí nígbà tí ràkúnmí al-Barā’ ọmọ ‘Āzib wọ ọgbà oníle kan. Ó ní kí olóko máa ṣọ́ oko rẹ̀ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ohun tí ẹran bá bàjẹ́ lóru, ọrùn ẹlẹ́ran ni ó wà. Imām Mālik kọ ọ́ sínú ìwé Muwaṭṭa’, mádhábà rẹ̀ sì ni àwọn baba wa ń tẹ̀ lé. Ní ìpínlẹ̀ wa, Gómìnà Rótìmí Akérédolú fọwọ́ sí òfin tí ó de dída ẹran ní gbangba ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2021. Nítorí náà, ẹlẹ́ran tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, tí ẹran rẹ̀ jẹ iṣu àti kòkó olóko, ẹ̀sìn àti òfin ni ó pàdé lọ́rùn rẹ̀. Olóko pẹ̀lú, má ṣe dá májèlé sí ewé, má sì ṣe gbé ìbọn. Ka ebè tí ó bàjẹ́, pe ẹlẹ́rìí, kí o sì bèèrè ohun tí í ṣe tìrẹ. Bákan náà ni ẹni tí ó fi iná sí oko nígbà ọyẹ́ tí iná sì kọjá ààlà rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ní Àkókó ni ó mọ bí koríko ṣe ń gbẹ lórí àpáta wa. Kò lè sọ pé afẹ́fẹ́ ni.

Ẹni tí ń tọ́jú ara àti ẹni tí ń gba oṣù

Abū Dāwūd gbà á wá pé Ànábì sọ pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìwòsàn tí a kò mọ̀ ọ́n mọ́ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ni yóò dúró fún ohun tí ó bá ti ibẹ̀ yọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ẹni tí òfin fún ní ìwé àṣẹ láti ta oògùn kò gba àṣẹ láti fún ènìyàn lábẹ́rẹ́ tàbí láti gbé omi sí i lára. Ẹni tí ó bá kọjá ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ, èrò rere kò ní gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà tí ó mọṣẹ́, tí ó sì ṣe é bí ó ti yẹ, tí aláìsàn sì kú, kò jẹ gbèsè kankan.

Fún àwọn òṣìṣẹ́, Òfin Owó Gbà-má-bínú Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 mú un ní dandan kí agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù sínú àpò tí àjọ NSITF ń ṣàkóso. Òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàrin ọjọ́ 14. Lébìrà tí àjà wó lù nílé tí a ń kọ́ kì í ṣe ẹni tí a ń fún ní owó ọkọ̀ kí ó lọ sílé.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Fún ẹni tí jàǹbá bá: kọ́kọ́ wá ìtọ́jú, kí o sì tọ́jú rìsíìtì gbogbo. Fi tó ọlọ́pàá tàbí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó létí. Kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, ya fọ́tò, gba orúkọ àwọn tí ó rí i. Má ṣe tẹ ọwọ́ sí ìwé kankan tí a kò kà fún ọ ní èdè tí o gbọ́. Má sì jẹ́ kí àkókò kọjá, nítorí òfin fi gbèdéke sí i. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó ṣe é lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, òfin tí ó dáàbò bò wọ́n lè fi í mọ sí oṣù mẹ́ta péré. Bí olóògbé bá fi ìyàwó, ọmọ tàbí òbí sílẹ̀, àwọn náà lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè kọ orí sí Àjọ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ní Àkúrẹ́. Ẹjọ́ tí ó jẹ mọ́ jàǹbá wà lára ohun tí òfin ní kí wọ́n ràn wá lọ́wọ́ lé lórí. Sọ òdodo nípa àṣìṣe tìrẹ pẹ̀lú, nítorí bí ìwọ náà bá lọ́wọ́ nínú rẹ̀, adájọ́ lè dín owó náà kù bí ó ti yẹ.

Fún ẹni tí ó ṣe jàǹbá: dúró. Má sá. Gbé ẹni tí ó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn. Má dúró de ìwé ìpẹ̀jọ́ kí o tó bèèrè ohun tí o jẹ. Bí o kò bá ní in tán lẹ́ẹ̀kan, sọ ọ́, kí ẹ sì kọ bí o ó ṣe máa san án sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí.

Fún ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin baálé, ẹ̀yin lẹ́mọ́mù àti ààfáà: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìlàjà dára, ó sì lẹ́san. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìlàjà pẹ̀lú ìwé ilé ìwòsàn lórí tábìlì. Ẹ bèèrè iye ọmọ tí olóògbé fi sílẹ̀ kí ẹ tó bèèrè bóyá opó yóò dárí jì. Ẹ má gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe jàǹbá kí ẹ tó lọ bẹ ẹni tí a ṣe é sí. Ìdáríjì dára púpọ̀, Ọlọ́hun pè é ní ọrẹ nínú áyà tí a mẹ́nu bà. Ẹni tí ó ni nǹkan nìkan ni ó lè fi í ta ọrẹ. Nítorí náà, kí opó kọ́kọ́ mọ iye tí í ṣe ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ láti gbà á tàbí láti fi í sílẹ̀. Ìpín àwọn ọmọ tí kò tíì bàlágà kì í sì í ṣe ti ẹnikẹ́ni láti fi tọrẹ.

Gbèsè tí ń bẹ níwájú

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, Bukhārī gbà á wá pé Ànábì kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá ṣe àbòsí sí ọmọ ìyá rẹ̀ pé kí ó lọ wá ìtúsílẹ̀ lónìí, kí ọjọ́ tí kò ní sí dínárì àti dírhámù tó dé. Muslim sì gbà á wá pé ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn Sàhábà pé, ta ni aláìní tòótọ́? Ó ṣàlàyé pé ẹni tí yóò wá ní Àlùkìyámọ̀ pẹ̀lú ìrun, ààwẹ̀ àti sàká, ṣùgbọ́n tí ó ti bú eléyìí, tí ó jẹ owó eléyìí, tí ó lu eléyìí. A ó máa mú iṣẹ́ rere rẹ̀ fún wọn títí yóò fi tán, a ó sì gbé ẹ̀ṣẹ̀ wọn lé e lórí. Muslim tún gbà á wá pé a ń dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ji ẹni tí ó kú sójú ogun ẹ̀sìn, àfi gbèsè.

Kádàrá ni ó mú ìwọ àti ẹni náà pàdé ní ọ̀nà. Kádàrá náà ni ó fún ọ ní ọwọ́ tí o lè fi san án àti ọjọ́ tí o lè fi tọrọ àforíjì. Ìgbà tí ọkùnrin kan bèèrè bóyá kí òun fi ràkúnmí sílẹ̀ lásán kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, Ànábì ní kí ó so ó mọ́lẹ̀ ná, kí ó tó gbára lé E. Tún ìjánu ọkọ̀ rẹ ṣe, kí o tó sọ pé Ọlọ́hun ni yóò ṣọ́ ọ. Bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, san ohun tí o jẹ, kí o tó sọ pé àmúwá Ọlọ́hun ni.

Ọlọ́hun, ṣọ́ àwọn ọ̀nà Ìkàrẹ́, Àkùngbá àti Ọ̀kà fún wa. Kẹ́ àwọn tí wọ́n ti kú lórí wọn, kí O sì bá wa tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí a pàdé Rẹ pẹ̀lú ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn wa. Fún ẹni tí a ṣe lọ́ṣẹ́ ní sùúrù àti ẹ̀tọ́ rẹ̀. Fún ẹni tí ó ṣe é ní ìgboyà láti san án. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì Muhammad. Āmīn.